Bí a Ṣe Ń Ya Fótò Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Àkúrẹ́ Láì Sá Tẹ̀ Lé E

Ẹ dúró síwájú Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí ẹ ní kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ń wá. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, Márúwá méjì á ti dúró níwájú yín, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ á ti máa bi yín pé, "Ìjàpò ni àbí Alágbàká?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá wa ń pè ní kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń fẹsẹ̀ wà, ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi "ológeere" kún kí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ tó mọ èyí tí à ń wí. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí ẹ ṣe lè ya fótò rẹ̀ àti ti àwọn tó ń gùn ún lójoojúmọ́, yálà fóònù ló wà lọ́wọ́ yín tàbí kámẹ́rà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣe ni mo máa ń sá tẹ̀ lé wọn. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gbé àpótí búrẹ́dì sórí kárià láràárọ̀. Agogo rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i. Lọ́jọ́ kan, mo yọ fóònù, mo sá tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé ìparí, mò ń tẹ̀, mò ń tẹ̀. Fótò náà lé ní ogójì. Nígbà tí mo jókòó wò wọ́n, ìgbọ̀nwọ́ ló wà nínú ọ̀kan, ìdajì táyà ló wà nínú òmíràn, ìyókù rí bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ nu ọ̀dà tútù. Èyí tó burú jù ni pé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti wọ gọ́tà kí n tó dé ìkángun. Ọmọ náà dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ rà ni?"

Àtọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń wá ibì kan tó dára, mo máa ń dúró síbẹ̀ bí ọdẹ tó gun ègùn, kẹ̀kẹ́ ni yóò wá bá mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ìyẹn ló dá lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ojúkò

Kẹ̀kẹ́ ò pọ̀ nígboro mọ́, ẹ má tan ara yín. Lójú títì Ọba Adésidà, ẹ lè dúró títí kí ẹ má rí ju ẹyọ kan lọ, ọkọ̀ á sì ti bo òun náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Etí ìlú àti inú àdúgbò ni kí ẹ lọ. Ọ̀nà Ọ̀dà láàárọ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń lọ sóko. Ọ̀nà Ìjù àti Ìta-Ògbólú nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ tàwọn ti igi ìdáná, ewé àti kẹ́ẹ̀gì ẹmu lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ní ti àwọn ọmọdé, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ní rí wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tàbí lásìkò ọlidé, ọmọ mẹ́rin sórí kẹ̀kẹ́ kan, tí wọ́n á máa jà sí i pé ta ló kàn.

Bí ẹ bá ti mọ àgbègbè, ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń falẹ̀ ni kí ẹ wá níbẹ̀. Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Òkúta ńláńlá ló yí wa ká, ọ̀nà wa a máa gòkè, a máa sọ̀. Kò sí ibi tó dà bí ìdí òkè fún ẹni tó fẹ́ ya fótò kẹ̀kẹ́. Níbẹ̀ ni ẹni tó ń gùn ún ti máa ń dìde kúrò lórí síìtì, tí á máa fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, ọrùn á nà, iṣan ẹsẹ̀ á yọ síta; bó bá yá, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í lọ. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè ń fún yín ní odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń bọ̀ láti orí òkè ò ní fún yín ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, ó sì ṣeé ṣe kí bíréèkì rẹ̀ má ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ kúrò lọ́nà. Bí ẹ ò bá rí òkè, bọ́ǹpù náà dára, kọ́nà náà dára, ibi tí omi òjò dárogún sí náà dára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó máa wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ̀kẹ́, irin wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rí jágbajàgba, inú rẹ̀ ló máa sọnù sí. Mo ti ya kẹ̀kẹ́ kan rí níwájú géètì onírin, ẹ ò lè mọ èwo ni sípókù, ẹ ò lè mọ èwo ni géètì. Ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa, ògiri alámọ̀ tó ti ń wó, páànù tó ti dógùn-ún, ilẹ̀ pupa fúnra rẹ̀ bí ẹ bá lè ti òkè wò ó: irú wọn ló ń gbé kẹ̀kẹ́ yọ. Ìyọnu tiwa ni pósítà. Kò sí ògiri gbalasa tí olóṣèlú ò tíì lẹ ojú ara rẹ̀ mọ́, bí ẹ bá sì ya àgbẹ̀ tó ń kọjá níwájú rẹ̀, ojú olóṣèlú ni gbogbo ayé á kọ́kọ́ rí. Èèyàn mẹ́fà tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹnì kan tó ń làágùn, ìyẹn kì í ṣe fótò kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo máa ń rìn síwájú díẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìwà oòrùn wa

Sunshine State ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa, ó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ wa. Oòrùn tí wọ́n fi ń yìn wá yìí náà ló ń ba fótò jẹ́ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àkúrẹ́ ò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nǹkan bí ìwọ̀n digírì 7 ni a fi wà ní àríwá rẹ̀. Oòrùn tiwa kì í rọra gba ẹ̀gbẹ́ yọ bíi ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ṣe ló ń gun òkè tààrà. Bí ẹ bá ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní fótò láti Yúróòpù, wọ́n á ní kí ẹ má kánjú, pé ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ kánjú o. Níbí, oòrùn ń yọ láàárín nǹkan bí aago 6:20 sí aago 7:00, bí oṣù bá ṣe rí, ó sì ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:15 sí aago 7:00 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí kan lẹ́yìn tó bá yọ, òjìji ẹni tó ga ní mítà kan ààbọ̀ ṣì gùn ju mítà márùn-ún lọ. Tó bá fi máa di wákàtí kejì, òjìji ẹni yẹn kò ju nǹkan bí mítà mẹ́ta lọ mọ́. Láàárín wákàtí méjì yẹn ni kí ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, tàbí kí ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.

Òjìji gígùn yẹn gan-an wúlò. Bí ẹ bá lójúlùmọ̀ kan tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì létí ọ̀nà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dúró lókè láàárín wákàtí kan tí oòrùn bá yọ. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń wò látòkè ò ju ìlà kan lọ, èèyàn ò rí táyà, kò rí pẹ́dà. Ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ á tẹ́ gbalaja sójú títì: táyà méjèèjì, sípókù, ẹsẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀, àti ẹrù tó wà lẹ́yìn. Òjìji ni kí ẹ yà, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sétí fótò.

Ní ọ̀sán gangan ńkọ́? Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, oòrùn a máa dúró sí àtàrí ìlú yìí gẹ́lẹ́ nígbà tí aago kan ọ̀sán bá ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Òjìji kẹ̀kẹ́ á wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́, ojú ẹni tó dé fìlà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Kódà lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀sán ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ọ̀sán nìkan lẹ bá ráyè, abẹ́ igi máńgòrò tàbí abẹ́ búkà ni kí ẹ lọ, kí ẹ wá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé tì síbẹ̀.

Ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku tó wà lófuurufú á bo gbogbo ohun tó jìnnà mọ́lẹ̀, àwọn òkúta tó wà lọ́nà Ìdànrè á dà bí ẹ̀fin, oòrùn á rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Ẹ̀yìn tó rí jágbajàgba á pòórá fúnra rẹ̀. Ẹ kọjú sí oòrùn yẹn, kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gba àárín kọjá, á dúdú biribiri, ẹ ó sì rí gbogbo ìrísí rẹ̀ láì sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ máa nu lẹ́ǹsì lemọ́lemọ́.

Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kó dá. Omi tó dárogún jẹ́ dígí ọ̀fẹ́. Ẹ dorí fóònù kodò kí lẹ́ǹsì rẹ̀ lè súnmọ́ omi gan-an, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo á di méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fóònù

Èyí ò gba ariwo púpọ̀. Ẹ nu lẹ́ǹsì pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́lẹ́. Òróró ọwọ́ ló ń mú kí fótò yín rí bí ẹni ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ mú ìlà tó ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án jáde, kí ilẹ̀ yín má baà dagun. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ǹsì tó ń rí nǹkan gbòòrò, ẹ fi sílẹ̀ fún fótò ìgbéyàwó. Ẹ lo 1x tàbí 2x.

Ohun kan ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ. Níbi tí kẹ̀kẹ́ máa gbà kọjá, ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò, títí fóònù á fi fi hàn yín pé òun ti ti ojú òun pa síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àmì oòrùn kékeré tó yọ jáde sísàlẹ̀ díẹ̀, kí fótò ṣókùnkùn díẹ̀ ju bí fóònù ṣe fẹ́ lọ. Fóònù púpọ̀ ló máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sára aláwọ̀ dúdú àti ilẹ̀ pupa jù, ohun gbogbo á wá funfun bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú lé e. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dé, ẹ ò tún wá nǹkan kan mọ́, títẹ̀ ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kẹ̀kẹ́ tó dúró, àti ẹni tó ni ín

Bàbá kan wà lágbègbè Ìjọ̀kà tó ní Raleigh dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà kan rí ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onítáyà ńlá íńṣì 28, tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin, tí kì í ṣe wáyà. Níwájú, lábẹ́ hándù, bájì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn. Ó gbé e ti ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Dáadáa ni, sà. Kẹ̀kẹ́ yín ló wù mí, sà. Mo fẹ́ tọrọ àyè kí n ya fótò rẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o fẹ́ lọ bá mi tà á ni?"

"Rárá o, sà."

"Owó kòkó ni mo fi rà á. Kẹ̀kẹ́ yìí ṣe ẹ̀gbọ́n fún ọ." Ó dìde. "Dúró dè mí."

Ó wọlé, ó pẹ́. Nígbà tó máa jáde, agbádá funfun ló ti wọ̀, fìlà ti wà lórí, ọmọọmọ rẹ̀ sì ti ń fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ kẹ̀kẹ́. Gbogbo erùpẹ̀ oko tó wà lára táyà, tí mo tìtorí rẹ̀ dúró, lọ́mọ náà ń fọ̀ dànù lójú mi.

Irú èyí máa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ má bá àgbà jiyàn. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tí òun fẹ́, kó nàró, kó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ẹṣin, kí ẹ yà á dáadáa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí òun ni fótò tó máa gbé kọ́ ògiri. Bí ìyẹn bá parí, ara á tù ú. Bàbá yìí fẹ̀yìn ti síìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ọ̀pá bíréèkì yẹn ṣe ń fa rọ́bà sókè mọ́ rímù, ó ń fi ìka tẹ̀ lé irin náà láti hándù wá sísàlẹ̀. Ìka yẹn, lórí irin yẹn, ni fótò tí èmi wá.

Ní ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ yà á lóun nìkan, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ni kó kọ sí yín. Ojú kẹ̀kẹ́ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yí pẹ́dà kí apá rẹ̀ nà síwájú, kó tẹ́. Bó bá rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dà bí ohun tó ti rẹ̀. Ẹ yí táyà méjèèjì kí ẹnu túùbù wọn wà nísàlẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń wo fótò lè má mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ á balẹ̀. Ẹ na hándù kó gún. Bí kò bá ní ìdúró, ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi tì í lábẹ́ pẹ́dà òsì, lẹ́yìn, níbi tí fótò ò ti ní rí i.

Ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí orúnkún kan kanlẹ̀. Àárín táyà ni kí lẹ́ǹsì yín bá dọ́gba. Ẹni tó bá dúró ya kẹ̀kẹ́ látòkè, kẹ̀kẹ́ á kúrú, á dà bí ti ọmọdé. Ẹ fi mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ fi 2x fà á súnmọ́. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn jù pẹ̀lú lẹ́ǹsì gbòòrò, táyà tó wà nítòsí á wú, á di ẹyin. Ẹ sì ṣa ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó wà nílẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni.

Nígbà tí odindi bá parí, ẹ súnmọ́ àwọn ibi tí ọwọ́ èèyàn ti kàn. Lára kẹ̀kẹ́ bàbá yẹn, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń di hándù mú, dídán rẹ̀ ti ṣí kúrò, irin ti hàn, ó ń kọ mànà ju ibi tó kù lọ. Awọ síìtì ti tẹ̀, ó ti gba ìrísí ìdí ẹnì kan ṣoṣo. Rọ́bà túùbù àtijọ́ ló fi so àdá mọ́ kárià. Mẹ́ta yẹn nìkan sọ ìtàn tí agbádá fẹ́ bò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kẹ̀kẹ́ tó ń lọ

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ dá a dúró, tàbí kí ẹ jẹ́ kó máa lọ nínú fótò.

Láti dá a dúró, ẹ nílò ṣọ́tà tó yára, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọnú kámẹ́rà. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan, ń rìn ju mítà mẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/30 ìṣẹ́jú àáyá, kẹ̀kẹ́ ti kúrò lójú kan ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 kó tó pa dé, gùn tó ọwọ́ ọmọdé. Ní 1/500, kò ju nǹkan bí mìlímítà 8 lọ. Ní 1/1000, mìlímítà 4. Nítorí náà, ẹ lo 1/500 sókè. Bí fóònù yín ò bá jẹ́ kí ẹ yan èyí, ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀, òun fúnra rẹ̀ á yára. Kí ẹ sì ya fótò púpọ̀ léraléra, lórí fóònù kan ẹ óò tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, lórí òmíràn ẹ óò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí orúnkún kan ga jù lọ nínú rẹ̀ ló máa ń dára jù.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tí mo bá fi hàn lẹ́nu. Ẹ ya kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ní 1/60 láì gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e, kí ẹ wá wo táyà rẹ̀ dáadáa. Sípókù tó wà nísàlẹ̀ ń hàn kedere, ẹ lè kà wọ́n. Èyí tó wà lókè ti di ẹ̀fin. Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, fún ìdá bíńtín yẹn, kò lọ síbì kankan, ó dúró lórí ilẹ̀ ni. Òkè rẹ̀ ló ń sáré ní ìlọ́po méjì eré kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò ki ṣọ́tà bọ eré àsápajúdé mọ́. Táyà tí gbogbo sípókù rẹ̀ dúró gbagidi dà bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ tà. Ẹ jẹ́ kí òkè rẹ̀ máa fẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kí kámẹ́rà bá kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ fẹsẹ̀ dúró kí ó kọ sí ibi tí ẹ máa ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá yí ìbàdí nìkan padà sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà. Bó ṣe ń bọ̀, ẹ máa fi kámẹ́rà tẹ̀ lé e bí ẹni ń wo ìyàwó tó ń wọlé. Tó bá dé iwájú yín, ẹ tẹ̀, kí ẹ má sì dúró, ẹ máa yí lọ títí á fi kọjá. Ìdúró òjijì ló ń ba èyí jẹ́. 1/30 ni mo máa ń lò. Orí ẹni náà àti férémù á hàn, ògiri ẹ̀yìn á di ìlà ìlà bí aṣọ òfì. Nínú mẹ́wàá, ẹ lè rí ẹyọ kan tó dára; ó tó.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Pro sí, kí ẹ lè fúnra yín yan eré ṣọ́tà. Ṣùgbọ́n nínú oòrùn, 1/30 á funfun pátápátá, torí ojú lẹ́ǹsì fóònù púpọ̀ ò ṣeé sọ di kékeré. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni àsìkò rẹ̀.

Lọ́dọ̀ fọ́kanáísà

Ojúkò tí kì í tanni jẹ nìyí, torí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ni ín ló máa ń bá ara wọn níbẹ̀, inú ẹnì kan á sì máa bàjẹ́. Ẹ kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ jókòó lórí táyà àlòkù, kí ẹ má yọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ṣókùnkùn, iwájú ló mọ́. Bí ẹ bá dúró lóde tí ẹ kọjú sínú, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Bí ẹ bá wà nínú tí ẹ kọjú síta, ìta á funfun. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wà, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba ọ̀tún tàbí òsì bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lójú fóònù. Ẹ wá dúró de abọ́ omi. Á ti túùbù bọ̀ ọ́, á máa yí i lọ ní díẹ̀díẹ̀, òun àti ọmọ tó ni kẹ̀kẹ́ á jọ tẹ orí ba; lójijì, òkìtì hóhó kékeré kan á rú jáde látinú ihò tí ẹnì kankan ò rí. Ojú méjèèjì á là lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ kí hóhó yẹn tó rú.

Àṣẹ, ọmọdé, àti ibi tí a kì í ya

Bí fótò bá jẹ́ ti ẹni tó ń kọjá lókèèrè, tí ojú rẹ̀ ò hàn, mi ò kì í dá a dúró. Bí ojú rẹ̀ bá hàn, mo máa ń juwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń fi hàn án. Bó bá ní òun ò fẹ́, mo máa ń pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ kì í fúnni láṣẹ, ìyá rẹ̀ ló ń fúnni. Ẹ kàn sílẹ̀kùn, kí ẹ kí ìyá, kí ẹ ṣàlàyé. Bí kò bá sí àgbà nílé, ẹsẹ̀ ọmọ lórí pẹ́dà àti òjìji rẹ̀ tó.

Mi ò kì í fún èèyàn lówó nítorí fótò. Lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, mo máa ń ra búrẹ́dì. Ẹ má sì gbé kámẹ́rà síbi bárékè àti ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Kẹ̀kẹ́ tó rẹwà jù lọ láyé ì báà máa kọjá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ní ti ọ̀nà oko ní ìdájí, ẹ má dá nìkan lọ.

Títẹ fótò jáde

Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹni tó ni ín. Mo sì fi èyí kọ́gbọ́n: nígbà tí mo ya Bàbá oní-Raleigh yẹn, mo ti ṣí fóònù sí 16:9, ìwọ̀n fótò tó gùn, kó lè kún ojú fóònù, kẹ̀kẹ́ sì gba gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò nígboro, ìwọ̀n íńṣì 4 sí 6. Pépà yẹn ò gùn tó fótò mi. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò bi mí, ó gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ dànù, láti ẹ̀yìn. Èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò, inú ẹ́ńfílóòpù ni mo ti gbé e fún Bàbá. Ó yọ ọ́, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́.

"Ta ló jí táyà ẹ̀yìn mi?"

Nítorí náà, 4:3, ìwọ̀n tó kúrú ju 16:9 lọ, ni kí ẹ máa fi yà á, kí ẹ fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi ìtẹ̀wé, ẹ ní kí wọ́n má gé e, kí wọ́n kúkú fi etí funfun sí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Mo padà lọ yà á. Èyí tí mo gbé lọ lẹ́ẹ̀kejì, táyà rẹ̀ pé. Ó pe ìyàwó rẹ̀ síta, ó na ìka sí agogo inú fótò, ó ní kó wò ó bó ṣe mọ́. Ó wá bi mí lọ́jọ́ tí mo tún máa wá. Mo ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, bàbá méjì mìíràn ti gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn jókòó sójúde rẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Ọ̀kan ti wọ agbádá sílẹ̀.